Otto Stern: Ẹni Tó Wọn Ohun Tí Wọ́n Ní Gbogbo Ayé Ti Mọ̀

Nígbà tí wọ́n ní kí àwa JSS2 mú olókìkí kan tó ti kú tipẹ́, kí a kọ ìtàn ìgbé ayé rẹ̀ fún ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, kíá ni àwọn ẹgbẹ́ mi ti mú Awólọ́wọ̀, wọ́n mú Mọremí, wọ́n mú ìyá Fẹlá. Èmi wá lọ mú òyìnbó kan tó ń jẹ́ Otto Stern. Gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí bóyá agbábọ́ọ̀lù Bayern ni. Kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù o. Onímọ̀ físíìsì ni, òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló sì kọ́kọ́ wọn bí òòfà tó wà nínú prótọ́ọ̀nù ṣe lágbára tó. Bí ẹ bá ní sùúrù, ẹ ó rí ìdí tí mo fi mú un.

Bọ̀ọ̀dá mi ló fa gbogbo ẹ̀. Wọ́n ń kọ́ físíìsì ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Sàmárù, ní Zaria níbí. Àwọn ló máa ń wá wò mí ní ọjọ́ ìbẹ̀wò torí pé ilé wa jìnnà. Wọ́n á gbé ìrẹsì àti ẹran dídín wá, bí mo bá sì ṣe ń jẹun ni wọ́n á máa sọ̀rọ̀ físíìsì. Wọ́n ti sọ fún mi rí nípa ẹ̀rọ nyúklíà kékeré tó wà ní yunifásítì wọn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, tí wọ́n fi ń wádìí ohun tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta. Ní tááàmù tó kọjá, ọ̀rọ̀ prótọ́ọ̀nù ni wọ́n gbé dé. Wọ́n ní àwọn ẹ̀rọ ńlá kan wà ní òkè òkun tí ń jẹ́ accelerator, tó ń mú kí prótọ́ọ̀nù sáré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Wọ́n ní kì í ṣe eré sísá nìkan ni àwọn tó ni ẹ̀rọ náà ń wá, pé wọ́n tún fẹ́ kí gbogbo prótọ́ọ̀nù yẹn kọjú síbì kan náà, bí àwa ṣe máa ń tò ní àsẹ́ḿbílì, iṣẹ́ yẹn sì le ju kéèyàn mú àwọn JSS1 dúró jẹ́ẹ́ lọ. Mo bi wọ́n pé ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ mọ irú òòfà tí prótọ́ọ̀nù ní. Otto Stern ni wọ́n dárúkọ.

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ẹ má sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́ o, pé mò ń pe àgbàlagbà ní ó. Olùkọ́ Yorùbá wa ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn nìyẹn.

Wọ́n bí Otto Stern ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1888, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Sohrau. Jámánì ló ni ibẹ̀ nígbà yẹn. Lónìí, Poland ni, Żory ni wọ́n sì ń pe ìlú náà. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Oníṣòwò ọkà ni bàbá rẹ̀, owó sì wà lọ́wọ́ wọn dáadáa. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, Otto ni àkọ́bí. Ọmọdé ló wà tí wọ́n fi kó lọ sí ìlú ńlá Breslau, ibẹ̀ ló ti kàwé títí ó fi gba oyè dókítà ní 1912. Kì í ṣe dókítà oníṣègùn o, dókítà ìmọ̀ kẹ́mísírì ni.

Lẹ́yìn oyè yẹn, ẹlòmíràn ì bá wáṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó ilé wọn jẹ́ kó lè máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ láìwá owó oṣù. Ó gbọ́ pé Albert Einstein wà ní yunifásítì ní Prague, ó gbéra, ó lọ bá a. Nígbà tí Einstein kó lọ sí Zürich, òun náà tẹ̀ lé e lọ. Bọ̀ọ̀dá mi ní ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ Einstein kì í ṣe ìṣirò nìkan, pé ó kọ́ bí a ṣe ń mọ ìbéèrè tó yẹ ní bíbéèrè. Mi ò kọ́kọ́ gba èyí gbọ́, torí lójú tèmi ìbéèrè kò nira, ìdáhùn ló nira. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa bọ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì rán an lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú ọjọ́ fún àwọn ọmọ ogun, ní apá Poland. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò kún ọwọ́ rẹ̀. Kí ọkàn rẹ̀ má baà rẹ̀wẹ̀sì, ó ń fi ìyókù àkókò ṣe ìṣirò, ìṣirò tó gùn gbọọrọ. Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní prẹ́ẹ̀pù nígbà tí iṣẹ́ àṣetiléwá bá tán, ṣùgbọ́n àwòrán ni èmi ń yà ní tèmi.

Ogun parí, ó padà sí Frankfurt. Ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti dùn. Stern fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí àwọn kan ń sọ, pé òòfà kékeré tó wà nínú átọ́ọ̀mù kò lè kọjú síbi tó wù ú, pé ìwọ̀nba ọ̀nà kan péré ló lè kọjú sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìtàn ìṣirò lásán ni. Stern ní ká kúkú lọ wò ó. Òun àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walther Gerlach, tí ọwọ́ rẹ̀ dán nínú iṣẹ́ láàbù, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀rọ.

Owó kò sí. Owó Jámánì ń di yẹpẹrẹ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ogun. Ọ̀gá Stern, Max Born, ń sọ àsọyé nípa iṣẹ́ Einstein fún gbogbo ará ìlú, ó ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ wọn, owó yẹn ló ń lọ sí láàbù. Ọlọ́rọ̀ kan ní New York, Henry Goldman, náà fi owó dọ́là ránṣẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe rówó ra nǹkan tí wọ́n fẹ́ lò.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n fi fàdákà sínú ìléru kékeré kan, wọ́n mú un gbóná dé nǹkan bí 1,000 dígírì, títí fàdákà fi ń di oru. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ náà jáde kí nǹkan kan má baà dí i lọ́nà. Oru fàdákà yẹn gba ojú ihò tóóró kan jáde bí ìlà, ó kọjá láàárín òòfà ńlá tí ẹnu apá kan rẹ̀ mú ju èkejì lọ, ó wá balẹ̀ sára gíláàsì. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn átọ́ọ̀mù kàn ń kọjú síhìn-ín sọ́hùn-ún bó ṣe wù wọ́n, àmì tó máa wà lára gíláàsì á kàn fẹ̀ lọ́wọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n ìlà méjì ni wọ́n rí, àárín rẹ̀ sì ṣófo. Ẹ rò ó pé gbogbo wa tú jáde láti ilé oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí púrẹ́fẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kò sí ẹni tó na ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ a pín sí ìlà méjì gbọnrangandan. Ta ló máa gbà á gbọ́?

Oṣù Kejì ọdún 1922 ni ìlà méjì náà hàn kedere. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà lọ. Stern kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà! Ó ti gba iṣẹ́ ní ìlú Rostock, Gerlach ló ṣe é dé òpin, ó sì fi tẹligíráàmù sọ fún un. Gerlach tún ya fọ́tò àmì náà sórí káàdì kékeré kan, ó fi í ránṣẹ́ sí Niels Bohr ní Denmark láti kí i kú oríire.

Ìtàn sìgá wà níbẹ̀ tí mi ò lè fò. Stern fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ nígbà tó dàgbà. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n yọ gíláàsì náà jáde, wọn kò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Fàdákà náà fẹ́lẹ́ jù. Stern gbà á lọ́wọ́ Gerlach, ó sún mọ́ ọn, ó ń wò ó fínnífínní, Gerlach náà ń wò ó láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àmì dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Kí ló fà á? Owó oṣù Stern kò tó ra sìgá gidi, sìgá gàbọ̀n-gàbọ̀n tí kò wọ́n ló ń mu, imí-ọjọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Èémí ẹnu rẹ̀ ló sọ fàdákà di dúdú, bí òrùka fàdákà ṣe máa ń dúdú tó bá pẹ́ nílẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ méjì kan tún un ṣe láti wò ó. Wọ́n rí i pé èémí lásán kò tó, àfi kí èéfín sìgá gan-an fẹ́ sí i. Nítorí náà ó dà bíi pé sìgá wà lẹ́nu rẹ̀ nínú láàbù lọ́jọ́ náà. (Métírọ̀nù, bí ẹ bá ń ka èyí, mi ò sọ pé sìgá dára o.)

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Stern àti Gerlach kò mọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n rò pé bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń yí po nínú átọ́ọ̀mù ló fà á. Ní 1925 ni ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti Netherlands, Uhlenbeck àti Goudsmit, tó wá sọ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ní ohun kan tó dà bí ìgbà tí òkòtó bá ń yí níbi tó dúró sí. Spin ni wọ́n ń pè é. Òun ló pín fàdákà sí méjì. Prótọ́ọ̀nù náà ní tirẹ̀.

Bí ẹ kò bá mọ òkòtó, bàbá àgbà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi hàn mí, ìkarahun ìgbín kékeré ni wọ́n fi ń ta á. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìdérí bírò ni a ń lò. Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé tó bá ń yí, tó sì fẹ́ ṣubú, orí rẹ̀ á máa rìn yípo lọ́ra, bíi pé ó ń wá ẹni tó máa kí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Ní 1923, Stern di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Hamburg, wọ́n sì fún un ní láàbù tirẹ̀. Àwọn èèyàn ń ti ibi gbogbo wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wolfgang Pauli, tí òun náà padà gba ẹ̀bùn Nobel, wà ní Hamburg, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn gbà pé bí Pauli bá ti wọ láàbù, nǹkan á bàjẹ́. Wọ́n ní Stern fòfin dè é kó má wọ láàbù òun rárá. A ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní dọ́ọ̀mù wa, tó bá ti fọwọ́ kan aago, aago ti kú nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá kan prótọ́ọ̀nù. Ọ̀gbẹ́ni Paul Dirac ti ṣe ìṣirò ńlá kan ní 1928, tó sọ bí òòfà ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Gbogbo èèyàn rò pé bí ìṣirò náà ṣe bá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mu náà ló máa bá prótọ́ọ̀nù mu. Nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò fún un, ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Nígbà tí Stern ní òun fẹ́ wọ̀n ọ́n, àwọn onímọ̀ ìṣirò sọ fún un pé àkókò ló fẹ́ fi ṣòfò. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Kí ló tún fẹ́ wọ̀n?

Ibí ni mo ti fẹ́ sọ nǹkan kan nípa ara mi. Ní tááàmù kìíní, wọ́n ní kí a se omi, kí a fi tẹmómítà wọn ìgbóná rẹ̀ nígbà tó bá ń hó. Ìwé wa sọ pé 100 ni. Tẹmómítà tèmi àti ẹnì kejì mi dúró sí 98. A dúró títí, a tún iná ṣe, omi ń hó yàà, 98 náà ni. Ìjayà mú wa. A yọjú wo ìwé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, 100 ni wọ́n kọ. Haba, àwa náà kọ 100, a sì gba máàkì pé. Nígbà tí mo sọ fún bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Wọ́n ní Zaria fi ohun tó ju 600 mítà ga ju etí òkun lọ, afẹ́fẹ́ tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ níbí kò wúwo tó ti Èkó, nítorí náà omi wa máa ń hó kó tó dé 100. Tẹmómítà wa ló sọ òótọ́. Àwa la purọ́ mọ́ ọn. 100 yẹn ṣì wà nínú nótì mi títí di òní, pẹ̀lú máàkì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Stern kò ṣe bíi tiwa. Òun àti Otto Frisch àti Immanuel Estermann kọ́ ẹ̀rọ tó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, torí pé òòfà prótọ́ọ̀nù kéré ju ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìlọ́po. Háídrójìn ni wọ́n lò dípò fàdákà. Nínú háídrójìn tí átọ́ọ̀mù méjì so pọ̀, òòfà àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì ti pa ara wọn, ti prótọ́ọ̀nù ló wá kù tó lè fi ara hàn. Ní 1933 wọ́n rí ìdáhùn. Kì í ṣe 1. Ó wà láàárín 2 àti 3, nǹkan bí 2.5. Lónìí a mọ̀ pé 2.79 ni. Ìyẹn túmọ̀ sí pé prótọ́ọ̀nù kì í ṣe nǹkan ẹlẹ́yọ kan bíi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́yìn náà kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ àwọn nǹkan tí ń jẹ́ quark.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa, 1933. Hitler ti gba ìjọba ní oṣù Kìíní. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n ṣe òfin pé kí wọ́n lé àwọn Júù kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba, yunifásítì sì wà lára rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ yọ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun lójú ogun sílẹ̀, nítorí náà Stern ì bá ṣì jókòó síbi iṣẹ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n lé Frisch, wọ́n lé Estermann. Àwọn tó jókòó ti ẹ̀rọ yẹn pẹ̀lú rẹ̀ lóru! Stern kò dúró kí wọ́n lé òun. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fi àkókò tó kù ṣe ìwọ̀n tó ṣẹ́ kù, wọ́n sì túká. Frisch lọ sí London. Stern àti Estermann wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, sí ilé ẹ̀kọ́ Carnegie ní Pittsburgh. Láàbù tó fi ọdún mẹ́wàá kọ́ parẹ́ báyẹn, láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà tí mo ka ibí yìí, mo ti ìwé náà, mi ò kà á mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní Pittsburgh, owó láàbù kò tó ti Hamburg, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì gbóná bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó di ọmọ Amẹ́ríkà ní 1939. Ní ti ẹ̀bùn Nobel, àwọn onímọ̀ ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà 82. Ẹ̀bùn ọdún 1943 ni wọ́n fún un nígbẹ̀yìn, 1944 ni wọ́n sì kéde rẹ̀ torí ogun. Prótọ́ọ̀nù yẹn wà lára ìdí tí wọ́n kọ. Gerlach kò gba tirẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n Gerlach dúró sí Jámánì, ó sì wà lára àwọn tó ṣe olórí iṣẹ́ nyúklíà fún ìjọba Hitler. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ dá a rò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti wá kọ́ṣẹ́ ní Hamburg rí, Isidor Rabi, ló gba ti 1944. Ọ̀nà tí Rabi là láti fi máa yí òòfà prótọ́ọ̀nù padà ló bí ẹ̀rọ MRI tó ń ya fọ́tò inú ara aláìsàn ní ọsibítù.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí òkòtó, sí àwọn prótọ́ọ̀nù tí wọ́n fẹ́ kó kọjú síbì kan. Ní Brookhaven ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti lo accelerator kan rí tí wọ́n ń pè ní RHIC, yípo rẹ̀ tó 3.8 kìlómítà. Bí prótọ́ọ̀nù bá ti ń sáré nínú rẹ̀, ó ń yí i po ní nǹkan bí ìgbà 78,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òòfà ńláńlá ló ń tẹ ọ̀nà rẹ̀ kó lè máa yípo. Òòfà yẹn kan náà ló ń yí orí òkòtó inú prótọ́ọ̀nù. Bí ìdáhùn bá jẹ́ 1 bí wọ́n ti sọ, òkòtó yẹn á kàn máa bá ọ̀nà yí lọ ni, kò ní sí wàhálà. Ṣùgbọ́n 2.79 ni. 1.79 tó lé yẹn, wọ́n á fi agbára eré rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Tí prótọ́ọ̀nù bá dé ibi tí wọ́n ń pè ní 100 GeV, orí rẹ̀ á ti máa yí ju ìgbà 190 lọ kí ó tó yí òrùka náà po lẹ́ẹ̀kan.

Kò sí òòfà tí ọwọ́ èèyàn ṣe tí kò ní àbùkù díẹ̀. Ní gbogbo yípo, prótọ́ọ̀nù á pàdé àbùkù yẹn níbì kan náà. Bí òkòtó rẹ̀ bá ń kọjú sí ọ̀nà kan náà ní gbogbo ìgbà tó bá débẹ̀, á dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń ti jangilọ́fà ní àsìkò tó yẹ gẹ́lẹ́. Ìtì kékeré, ìtì kékeré, jangilọ́fà á lọ sókè réré. Báyẹn ni àwọn prótọ́ọ̀nù ṣe máa ń tú ká, tí olúkúlùkù á kọjú síbi tó wù ú. Ibi ewu yìí ju ọgọ́rùn-ún lọ kí wọ́n tó dé 100 GeV.

Ọmọ Rọ́ṣíà méjì, Derbenev àti Kondratenko, ló rí ọgbọ́n rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 ní Novosibirsk. Wọ́n ní kí á to àwọn òòfà kan síbì kan lójú ọ̀nà, tó máa dojú òkòtó náà dé, ṣùgbọ́n tí prótọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ á tún bọ́ sójú ọ̀nà rẹ̀. Bí àbùkù bá ti í síhìn-ín ní yípo yìí, ní yípo tó tẹ̀ lé e á tì í padà sọ́hùn-ún, wọ́n á pa ara wọn. Ejò Siberia ni wọ́n ń pè é, torí pé àwọn prótọ́ọ̀nù máa ń lọ́ bí ejò nínú rẹ̀. Ejò méjì ni RHIC ní nínú òrùka kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí ni pé ní 1988 wọ́n rí i ní CERN pé àwọn quark inú prótọ́ọ̀nù kò dá spin rẹ̀ gbé, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n gbé. Wọ́n ń wá ẹni tó gbé ìyókù. Ọ̀nà láti wá a ni kí á mú prótọ́ọ̀nù tó kọjú síbì kan náà kọlu ara wọn.

Èyí tó tún wá dùn mọ́ mi jù ni bí wọ́n ṣe ń rí àwọn prótọ́ọ̀nù tó kọjú síbì kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní Jülich ní Jámánì, wọ́n lo accelerator kan tí ń jẹ́ COSY fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n á fẹ́ átọ́ọ̀mù háídrójìn gba ojú ihò tóóró kan, sínú ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí, òòfà tí agbára rẹ̀ kò dọ́gba á kó àwọn kan jọ, á lé àwọn yòókù dànù. Ṣé ẹ rántí ibi tí a ti rí i? Ẹ̀rọ sìgá ni. Ní Jámánì tí wọ́n ti fọ́n láàbù rẹ̀ ká.

Ẹ̀yin tó ń lọ sí ilé ní ìsinmi, ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni prótọ́ọ̀nù ti ń sáré. Accelerator kan wà ní Ilé-Ifẹ̀, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, 1.7 mílíọ̀nù fóòtì ló ń lò. Wọ́n fi ń wádìí ohun tó wà nínú eruku, iyẹ̀pẹ̀ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Prótọ́ọ̀nù ti Ifẹ̀ lè kọjú síbi tó bá wù ú, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe kò béèrè ìyẹn. Bọ̀ọ̀dá mi ní àwọn máa lọ síbẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ kan.

Stern fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ogun kejì, ó sì kó lọ sí Berkeley ní California, níbi tí àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin wà. Kò níyàwó. Ó fẹ́ràn oúnjẹ dáadáa, ó sì fẹ́ràn sinimá gan-an. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1969, ó lọ wo fíìmù, àìsàn ọkàn sì mú un nínú sinimá níbẹ̀. Ẹni ọdún 81 ni. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1973, ní Argonne ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú prótọ́ọ̀nù tó kọjú síbì kan sáré nínú accelerator ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́.

Àwọn JSS3 ló kàn láti kọ̀wé ní ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkòtó gidi, kó wá sí dọ́ọ̀mù wa lẹ́yìn prẹ́ẹ̀pù, bàbá àgbà mi ti fi ọ̀kan ránṣẹ́.